Ojú Diepreye Lára Káàdì Ràdíátù

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Ràdíátù, ẹ kàn sọ fún un pé iṣẹ́ tó ṣe kì í ṣe iṣẹ́. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi rán àpò ní wọ́ọ̀fù Àpápá. Bí àpò sìmẹ́ńtì tàbí àpò ṣúgà bá bẹ́ nígbà tí wọ́n ń já ẹrù ọkọ̀, òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n máa ń gbá ohun tó dà sílẹ̀ jọ, wọ́n á rọ ọ́ padà, wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ gígùn àti òwú líle rán ẹnu àpò náà pa. Sìmẹ́ńtì wọ imú ẹ̀, ó wọ ojú ẹ̀, ó wọ inú oúnjẹ tó gbé wá látilé. Nígbà tó fẹ̀yìntì lọ́dún 1983, wọ́n fún un ní káàdì kan tí wọ́n fi rọ́bà bò. Ó fi aṣọ wé káàdì yìí, ó fi í pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, kò sì gbọdọ̀ sí ọmọ tó máa fọwọ́ kàn án.

Lọ́dún 1991, ojú ọ̀tún ẹ̀ ṣú pátápátá. Awọ funfun sì ti ń bo tòsì náà bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kí ewúrẹ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ kú àárọ̀ o, ewúrẹ́ ò dáhùn, ló bá bínú. Ó ní ará ilé àwọn ò ní ẹ̀kọ́. Àwọn tó wà lẹ́bàá kànga rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Sàídù, àkọ́bí ẹ̀ tó ń tún mọ́tò ṣe ní Ìjọ́rà, kò rẹ́rìn-ín rárá nígbà tó gbọ́.

Sàídù ló gbọ́ pé àwọn dókítà ojú ń bọ̀ ní ọsibítù ìjọ kan ní Àpápá, pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n máa lò. Ẹni tó bá ti fẹ̀yìntì níbi iṣẹ́ wọ́ọ̀fù, tó sì ní káàdì, ìdajì owó ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa pa ìwé orúkọ dé. Òun àti àwọn àbúrò ẹ̀ ti dá owó, ìdajì yẹn lagbára wọn sì mọ. Ó sọ fún ìyá ẹ̀ kedere pé bí ìdajì yẹn bá bọ́, àwọn ò ní rí odindi kó tó di pé àwọn dókítà yẹn lọ, ojú òsì náà á sì lọ ni. Ràdíátù ní kí ló ń pariwo sí? Ṣé òun ò ní káàdì ni?

Ọjọ́ Ajé ló wọ aṣọ tó fi ń lọ yídì, ó gba ọsibítù yẹn lọ. Akọ̀wé tó ń jẹ́ Edwin ló jókòó sídìí tábìlì, ọmọ Ajégúnlẹ̀ tó gbọ́ Yorùbá bí ẹni mumi. Ó kí màmá dáadáa, ó gba káàdì, ó wo fọ́tò ara ẹ̀, ó wo Ràdíátù, ó tún wo fọ́tò. Ẹ rí i, àbàjà mẹ́ta mẹ́ta ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ràdíátù méjèèjì, ilà tó jinlẹ̀ dáadáa, tí wọ́n ti kọ fún un ní Ìsẹ́yìn kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Obìnrin inú fọ́tò kò ní ilà kankan. Ojú ẹ̀ dán bọ̀rọ́, àpá kan sì wà lókè ojú ẹ̀ òsì.

"Màmá," Edwin wí, "ṣé ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ fẹ̀yìntì lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kọ ilà ni?"

Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín. Ràdíátù ní fọ́tò náà ti pẹ́, ojú èèyàn a máa yí padà. Edwin ní lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun ò tíì rí ojú tó yí padà tó hu àbàjà. Ràdíátù bi í pé nígbà tí òun ń rán àpò, ṣé bàbá ẹ̀ ti mọ ìyá ẹ̀. Ó bú u, ó bú ọsibítù, ó bú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Edwin ò pariwo mọ́ ọn, ohun tó tún wá dùn ún jù nìyẹn. Ó kàn fi káàdì sínú dúrọ́ọ̀, ó ní yóò wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ Jímọ̀, kí màmá lọ gba ìwé wá láti ọ́fíìsì tó ń sanwó fún wọn, tàbí kí ẹni tó ni ojú inú fọ́tò wá fúnra ẹ̀.

"Torí níbí, màmá, ta ló mọ̀ yín?" ló fi parí ẹ̀.

Ràdíátù jáde láìmọ ibi tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tuntun létí ẹ̀. Òun náà ti sọ ọ́ sí ẹnì kan rí.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Nígbà tí wọ́n ń rán àpò, olúkúlùkù ló ní nọ́ńbà. Láràárọ̀, wọ́n á pe orúkọ, ẹni tí wọ́n pè á dáhùn pé "Wà níbẹ̀!" Bí wọ́n bá pè ẹ́ lọ́jọ́ méje tí o kò dáhùn, wọ́n á gbé nọ́ńbà rẹ fún ẹlòmíì lára ọgọ́rọ̀ obìnrin tó ń dúró lẹ́nu géètì. Kò sí ìsinmi ìbímọ fún aránpò. Ìyàwó akọ̀wé ọ́fíìsì lè bímọ kó sinmi, ṣùgbọ́n bí ìwọ bá bímọ, o ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Inú á bí èèyàn títí, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Ni àwọn obìnrin bá wá ọgbọ́n tiwọn. Bí oyún bá ti ga, wàá wá ẹnì kan lẹ́nu géètì tí yóò máa dáhùn sí orúkọ rẹ. Òun ni yóò máa gba owó ọ̀sẹ̀, á sì máa fún ọ ní díẹ̀ nínú ẹ̀ títí wàá fi já ọmọ lẹ́nu ọmú, lẹ́yìn náà á padà sẹ́nu géètì. Ẹni tó ń pe orúkọ kì í gbójú sókè. Bí ohùn obìnrin bá ti dáhùn, tí àpò sì di rírán, ó parí.

Ọmọ mẹ́fà ni Ràdíátù bí. Lẹ́ẹ̀mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Diepreye ló dáhùn. Obìnrin tó bá ọkọ ẹ̀ wá láti ìhà Rivers ni, yàrá ẹ̀ sì kọjú sí ti Ràdíátù nínú ọgbà kan náà l'Ájégúnlẹ̀ nígbà yẹn. Bí ẹ bá ro gbogbo ìgbà tó fi dúró fún un pọ̀, ọdún mẹ́sàn-án ni. Irin tí wọ́n fi ń gbé àpò ló ṣá a lókè ojú nígbà tó ń jẹ́ Ràdíátù. Wọ́n gbé e lọ sílé ìtọ́jú ibi iṣẹ́, orúkọ Ràdíátù ni wọ́n kọ, ìyẹn ò sì kúrò nílé, ó ń fọ́mọ lọ́mú.

Lọ́dún 1968, nígbà tí Ràdíátù bí Ọmọ́lẹ́yẹ tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn, àwọn tó ń ya fọ́tò dé sí ṣẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ń rán àpò láìròtẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ ẹ̀ wá jókòó sórí àga. Wọ́n pe Ràdíátù Adéjùwọ́n. Kí ni Diepreye ìbá ṣe? Bó bá dákẹ́, nọ́ńbà lọ nìyẹn. Ó dáhùn pé "Wà níbẹ̀!" bó ṣe máa ń dáhùn, ó jókòó, wọ́n yà á. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òun àti Ràdíátù rẹ́rìn-ín débi pé ọmọ tuntun jí. Fọ́tò yẹn wọnú fáìlì, kò sẹ́ni tó tún wò ó. Ọdún tí wọ́n ń ṣe káàdì ìfẹ̀yìntì, wọ́n yọ ọ́ níbẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Sàláwù tó ń sanwó ìfẹ̀yìntì lójú fèrèsé ọ́fíìsì wọn ní Wharf Road ti mọ Ràdíátù láti ṣẹ́ẹ̀dì, kì í bẹ̀rẹ̀ wo káàdì kó tó san án.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti parí láàárín àwọn méjèèjì láti 1983. Nígbà tí Ràdíátù gba owó ìfẹ̀yìntì àkọ́kọ́, Diepreye wá kí i, ó jókòó, wọ́n fún un lómi. Ó wá rọra béèrè pé nínú ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí wọ́n kà, ọwọ́ òun ló ṣe mẹ́sàn-án, ṣé kò wá sí nǹkan kan tó kan òun níbẹ̀ ni? Ràdíátù ń mú káàdì lọ́wọ́. Ó ní, "Ta ló mọ̀ ẹ́ níbẹ̀? Orúkọ ta ni wọ́n kọ sí i?" Diepreye gbé ife omi sílẹ̀ láìmu ún. Kò pé oṣù kan tó fi kó kúrò nínú ọgbà, ó lọ ń yan ẹja fún àwọn awakọ̀ tírélà ní ibùdókọ̀ Coconut. Ọdún mẹ́jọ gbáko, wọn ò kí ara wọn.

Ẹ ò rí i pé Ràdíátù ò ní kọ́kọ́ lọ sí Coconut. Ọ̀dọ̀ Sàláwù ló gbà lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní kí Sàláwù kọ ọ́ sínú ìwé pé ó mọ òun. Sàláwù gbọ́ ọ̀rọ̀ fọ́tò, ojú ẹ̀ yí padà. Ó fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ó ku oṣù mẹ́rin kí òun náà fẹ̀yìntì, bí òun bá kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n á bi òun pé ojú ta ni òun ti ń san owó fún láti ọdún mẹ́jọ. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má tilẹ̀ sọ ọ́ níbẹ̀ mọ́, torí bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á dá owó ìfẹ̀yìntì Ràdíátù gan-an dúró. Ràdíátù wò ó. Ọkùnrin tí òun máa ń bu ìrẹsì fún ní ṣẹ́ẹ̀dì! Ó tutọ́ sílẹ̀, ó ní ojo ni, ọ̀bọ lásán ni, ó sì wá ọ̀nà ilé lọ.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, kò síbòmíì mọ́. Sàídù mú un dé Coconut, ó fi í sílẹ̀ níbi bẹ́ńṣì àwọn oníẹja, ó sá padà síbi iṣẹ́. Èéfín ni Ràdíátù fi mọ ibẹ̀. Awakọ̀ mẹ́ta mẹ́rin jókòó, wọ́n ń jẹun. Ó sọ ohun tó bá wá láìyíjú padà, ó sọ ọ́ bí ẹni ń rán ọmọ níṣẹ́: kí Diepreye wá jókòó síwájú akọ̀wé kan ní ọsibítù lọ́jọ́ Jímọ̀, kó dáhùn sí orúkọ òun, kí wọ́n lu òǹtẹ̀, ó tán.

Diepreye yí ẹja padà lórí iná.

"Ìyá Sàídù, ẹ tún ti wá yá ojú mi. Mo fi orúkọ yín ṣiṣẹ́, ẹ ní kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Ó dáa. Ẹ sọ ọ́ níwájú àwọn èèyàn yìí pé mo ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án. Mi ò fẹ́ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kàn gbọ́, mà á sì tẹ̀ lé yín."

Àwọn awakọ̀ ti dẹ́kun jíjẹ, wọ́n ń wò wọ́n. Ràdíátù pòṣé. Ṣé òun ni kó wá máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ara òun níwájú àwọn ọmọ tó ń rùn fún díísẹ̀lì? Ó ní bó bá jẹ́ pé ìyẹn ni, kí ojú náà fọ́. Ó dìde, ó kọlu igi àgọ́, ẹnì kan ní kóun fà á lọ́wọ́, ó gbá ọwọ́ onítọ̀hún dànù. Ó bú Diepreye láti ibẹ̀ dé títì.

Ní Ọjọ́bọ̀, kò jẹun. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bínú sí Edwin, ó ń bínú sí Sàláwù, ó ń bínú sí Diepreye, títí tó fi tán pátá, tó wá ku ẹnì kan ṣoṣo tí kò tíì bínú sí. Kò fẹ́ bínú sí ìyẹn. Ó wọlé lọ sùn.

Ọjọ́ Jímọ̀, ó ní kí Sàídù mú òun dé ọsibítù. Kò ní ètò kankan lọ́kàn ju pé òun á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú tábìlì yẹn, kí wọ́n wá ọlọ́pàá tó máa gbé òun. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, kò rí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Òórùn èéfín ẹja kan ń wá sí i nímú, ó rò pé ara aṣọ òun ni, láti ọjọ́ tó ti lọ sí Coconut.

Edwin ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú káàdì, ó pe orúkọ. "Ràdíátù Adéjùwọ́n!"

Ohùn méjì ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. "Wà níbẹ̀!"

Gbogbo bẹ́ńṣì yíjú. Diepreye ti dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ràdíátù, gèlè tuntun ló wé. Edwin wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò nílà, ó wo àpá òkè ojú, ojú ẹ̀ tú ká. Ó ní màmá, ẹ káàbọ̀, ó fa àga fún un. Ó ní obìnrin tó wà lórí bẹ́ńṣì yẹn ló gbé káàdì wọn wá lọ́jọ́ Ajé, àwọn fura pé ṣe ló jí i. Ràdíátù gbọ́ ọ. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé wọn lórí, kó má bàa dìde.

Edwin ní kí màmá kàn sọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, kóun lè kọ ọ́ sílẹ̀. Diepreye sì sọ ọ́. Ó sọ nọ́ńbà. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò ti abẹ́rẹ́ gba inú àpò onílọ́po méjì. Ó sọ ti ọjọ́ tí irin ṣá a, bó ṣe fi aṣọ di ojú tó sì rán àpò tó kù tán, torí wọ́n ní ọkọ̀ ń lọ. Kò purọ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Edwin rọra dìde nínú àga, ó tẹ orí ba, ó ní, "Màmá Ràdíátù, ẹ ṣiṣẹ́ gan-an o. Ẹ kú iṣẹ́." Ó ní kí wọ́n bu omi tútù wá fún wọn. Ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́nú tádáwà, ó gbé e sókè.

Ohun tó kù fún Ràdíátù kò ju kó dákẹ́. Ìṣẹ́jú kan péré. Ṣùgbọ́n inú bí i. Ó kọ́kọ́ bí i torí òun ló yẹ kí wọ́n kí kú iṣẹ́, òun ló yẹ kí wọ́n bu omi fún, òun náà ṣe ọdún mọ́kàndínlógún níbẹ̀! Àfi bí ìbínú náà ṣe yíjú padà lójijì tó gbá òun alára mú. Obìnrin yìí ti dàgbà, orí ẹ̀ ti funfun, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni máa kí i kú iṣẹ́ wọ́ọ̀fù, orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n sì fi kí i. Ojú tì í débi pé ó ń pa á lára. Kò mọ̀gbà tó dìde.

"Kì í ṣe Ràdíátù! Diepreye ló ń jẹ́! Ọmọ mẹ́fà ni mo bí, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló jẹ́ orúkọ mi. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣiṣẹ́, kò sí ìwé kan tó mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n."

Òǹtẹ̀ wà lókè. Edwin wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó gbé òǹtẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní bí òun ò bá gbọ́ ni, òun ì bá lù ú, ṣùgbọ́n òun ti gbọ́, ogún èèyàn ló sì wà níbẹ̀ tó gbọ́. Ó ti káàdì padà sọ́wọ́ Ràdíátù, ó rọra sọ pé kí wọ́n mú un lọ sílé, òun ò rí i, òun ò sì ní kọ nǹkan kan sí Wharf Road. Ṣùgbọ́n òun ò lè lu òǹtẹ̀ sí i. Ó pe orúkọ ẹni tó kàn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n pa ìwé dé.

Níta, Diepreye tú gbogbo ìbínú ọdún mẹ́jọ jáde.

"Coconut ni mo ní kó o ti sọ ọ́! Coconut! Níwájú ẹja mi! Ta ló rán ẹ pé kó o wá sọ ọ́ níbí, tí òǹtẹ̀ ti wà lókè? Mo pa iná mi, mo wé gèlè, mo wá, torí ojú rẹ! Abẹ́g, kí lo rí jẹ nínú ẹ̀?"

Ràdíátù náà pariwo padà. Ó ní ta ló sọ fún un pé kó wá? Ta ló ní kó máa sọ ọ́ dáadáa bẹ́ẹ̀, kó máa sọ ti irin, kó máa sọ ti aṣọ tó fi di ojú? Kí ló dé tí kò kàn lè sọ pé òun rán àpò, kó dákẹ́? Àwọn èèyàn ń dúró wò wọ́n. Ràdíátù bínú títí ó fi bọ́ sí títì láìmọ̀, tírélà kan fun fèrè gbooro, awakọ̀ ẹ̀ ń ṣépè láti òkè. Ọwọ́ kan fà á padà láti ẹ̀yìn, ó fà á tagbáratagbára.

"Ẹ fún mi lọ́wọ́ yín," Diepreye wí.

Ó mú un kọjá. Ó ń bú u láàárín títì, ó ń bú u nígbà tí wọ́n wọkọ̀, ó ṣì ń bú u nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Coconut, Ràdíátù náà ò dákẹ́ fún un. Kò sì jọ pé ẹnì kankan nínú wọn rántí láti fi ọwọ́ ẹnì kejì sílẹ̀. Diepreye fi í jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó dáná, ó gbé ẹja lé e. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ tí tírélà kan dúró, tí àwọn kan bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n fa àga.

"Ó yá," Diepreye wí láìgbójú kúrò lórí iná. "Wọ́n ti dé."

Ràdíátù béèrè pé ẹni mélòó ni wọ́n. Diepreye ní mẹ́rin. Ràdíátù tún gèlè ẹ̀ ṣe, ó kọjú síbi tó ti ń gbọ́ ohùn wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iṣẹ́ tí Diepreye ṣe, láti orí ọmọ àkọ́kọ́.